Àga Ló Ṣáájú Ọjà: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Ṣọ́ọ̀bù àti Ọjà Yín Ṣe Kó Lè Rọ Àwọn Àgbàlagbà Lọ́rùn

Ìyá mi ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá ti ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, àga ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé síta. Mo máa nù ún, mo máa bu omi tútù sínú kúlà, ká tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tú àǹkárá àti léèsì sórí àtẹ. Oníbàárà tó bá dé, ìyá mi á ní, "Ẹ jókòó ná." Ìgbà tí wọ́n bá jókòó tán, tí wọ́n ti kí ara wọn tilé-tọ̀nà, ni ọ̀rọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ló máa ń wá bá oníbàárà lórí àga. Oníbàárà kì í tọ aṣọ lọ.

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo mú wọn lọ sí ilé ìtajà ńlá kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó mọ́ tónítóní. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, kò sí ìjókòó kan ṣoṣo níbẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí ìrẹsì, wọ́n fi ọwọ́ ti pẹpẹ, wọ́n dúró. Wọ́n ní àwọn ń wo nǹkan ni. Mo mọ̀ pé wọn ò wo nǹkan kan, orúnkún ló ń dùn wọ́n. Wọ́n rọra gbé ṣúgà tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ni wọ́n ń rán. Ọmọ tí a sì rán lọ́jà, ohun tí a kọ fún un nìkan ló ń rà. Kò ní rí ìpara tuntun kó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbóòórùn rẹ̀ wò, kò ní rántí pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n bímọ, kó wá fi ọṣẹ ọmọ kún un.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Mọ́kọ́lá. Ìrẹsì, oúnjẹ inú agolo, ọṣẹ àti èlò ilé ni mo ń tà. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni ohun tí mo ti ṣe níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe níbòmíràn tó sì wúlò fún wa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò gba owó rẹpẹtẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mú àgbà kan rìn

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ bẹ ẹnìkan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún pé kó wá ra nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ yín. Ẹ fún wọn lówó ọkọ̀ àti owó ọjà. Kí wọ́n wọ mícrà tàbí kẹ̀kẹ́ márúwá láti ilé wọn, kí wọ́n sọ̀ níbi tí èrò máa ń sọ̀ sí, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú bírò àti ìwé, ẹ má sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti dúró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti wá nǹkan dì mú, ibi tí wọ́n ti fún ojú pọ̀ kí wọ́n tó lè kàwé, ibi tí wọ́n ti ní "kí lẹ wí?", ẹ kọ gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wò, kí ẹ má bi wọ́n léèrè, ni pé àgbà kì í fẹ́ di ẹrù sọ́rùn ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá bi wọ́n bóyá ó rọrùn, wọ́n á ní, "Ó dáa, a dúpẹ́." Ẹsẹ̀ wọn ló máa sọ òótọ́.

Nígbà tí mo ṣe tèmi, bàbá tó bá mi rìn dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín oríta àti ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́ nítorí àwọn tó tẹ́ ọjà sójú ọ̀nà, tí èèyàn sì ní láti sọ̀ sójú títì fún wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin jẹ́ nítorí pákó tí mo fi dá afárá lórí gọ́tà. Mo ti ń rò pé inú ṣọ́ọ̀bù ni ìṣòro wà. Ó ti rẹ bàbá kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà mi.

Irú nǹkan yìí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe lọ́nà tó gbòòrò. Ìlú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà fúnra wọn, Nairobi sì wà lára wọn, kí wọ́n tó gbé ìwé ìtọ́sọ́nà wọn lórí ìlú tó rọ àgbà lọ́rùn jáde ní 2007. Ibi ìjókòó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ojú ọ̀nà tó tẹ́jú wà lára ohun tí wọ́n gbọ́ níbi púpọ̀.

Gọ́tà, àtẹ̀gùn àti ilẹ̀

Ọ̀dọ́ máa ń fo gọ́tà ni. Àgbà á dúró, á fi ẹsẹ̀ kan dán pákó wò bóyá ó ń mì, á wá wo ẹ̀gbẹ́ bóyá ẹnìkan wà tó lè na ọwọ́ sí òun. Ẹ yọ pákó náà kúrò. Ẹ fi irin da sìmẹ́ńtì dípò rẹ̀, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí àgbà àti ẹni tó dì wọ́n lọ́wọ́ mú lè jọ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe é kó ṣeé ṣí, torí pé ẹ ṣì máa kó ìdọ̀tí inú gọ́tà.

Bí àtẹ̀gùn bá wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ fi ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò ni ìdá kan sí méjìlá, ó sì rọrùn láti rántí: íǹṣì kan sókè, ẹsẹ̀ bàtà kan síwájú. Tí àtẹ̀gùn bá ga ní íǹṣì mẹ́fà, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Bíríkìlà á fẹ́ gé e kúrú kó lè dín sìmẹ́ńtì kù. Ẹ má gbà fún un, torí èyí tó bá dagun jù burú ju àtẹ̀gùn lọ. Nígbà tí sìmẹ́ńtì bá ṣì tutù, kó fi ìgbálẹ̀ fà á lára, kí ojú rẹ̀ lè máa gbá ẹsẹ̀ mú lásìkò òjò.

Ẹ má wó àtẹ̀gùn náà o. Ẹni tí orúnkún ń dùn máa ń fẹ́ àtẹ̀gùn tó ní irin ìdìmú ju gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ. Ẹni tó ń lo ọ̀pá tàbí kẹ̀kẹ́ arọ ló ń fẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí ọwọ́ tó lágbára yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú lápá ọ̀tún, apá òsì ló máa fi dì í mú.

Fún àwọn tó ní ilé ìtajà ńlá, òfin pàápàá wà níbẹ̀. Òfin àpapọ̀ ti 2018 tó lòdì sí yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019, fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù Kìíní 2024.

Ní ti ilẹ̀, táìsì tó ń dán bíi dígí kò dáa. Yàtọ̀ sí pé ó ń yọ̀, ojú tó ti ń ṣú máa ń rò pé omi ló wà nílẹ̀, àgbà á wá máa wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ ká ẹní ìnusẹ̀ tí etí rẹ̀ ti ń ká sókè kúrò. Etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọ̀dà yẹ́lò kùn ún. Ọ̀dà agolo kékeré kan tó mi fún gbogbo rẹ̀.

Àga

Tí ẹ bá máa ṣe ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ ṣe èyí.

Kì í ṣe gbogbo ìjókòó ló dáa fún àgbà. Àga oníke tí kò lápá ni mo kọ́kọ́ rà. Bàbá kan jókòó lé e lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀ gan-an. Mo rò pé wọ́n ń gbádùn ara wọn ni. Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo rí i pé wọ́n ti gbìyànjú láti dìde, wọn ò rí nǹkan tì, ojú sì ń tì wọ́n láti pe ènìyàn. Ó dùn mí wọra. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bá káfíńtà.

Ìwọ̀n tí mo fún káfíńtà rèé. Kí ibi ìjókòó ga ní íǹṣì méjìdínlógún sílẹ̀, kó má rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí tí a fi ń dáná kọ́ o, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe sófà rírọ̀ tó ń gbé ènìyàn mì. Kó ní ẹ̀yìn. Kó ní apá méjèèjì, kí apá náà sì yọ síwájú díẹ̀ ju ibi ìjókòó lọ, torí orí apá yẹn ni àgbà máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ kó tó lè ti ara rẹ̀ dìde. Kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, kí ẹsẹ̀ lè ráyè padà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń dìde. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò: ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kí ẹ wá ní ẹ fẹ́ dìde.

Àga mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà lábẹ́ ìbòòji, ọ̀kan wà láàárín, ọ̀kan wà níbi ìsanwó. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń pe èrò wọlé. Àgbà tó ń kọjá lọ á rí i, á ní òun fẹ́ fi ìdí lélẹ̀ díẹ̀, á bu omi mu. Ẹ jìnnà sí ẹnu jẹnẹrétọ̀ o. Èéfín àti ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí léèrè pé, "Tí wọ́n bá jókòó tí wọn ò wá ra nǹkan ńkọ́?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ní ìlú Nottingham nílùú Ọba, àwọn ṣọ́ọ̀bù lẹ àmì mọ́ ojú fèrèsé wọn pé àgbà tó bá fẹ́ sinmi kó wọlé wá jókòó, kò pọn dandan kó ra nǹkan. Ìjọba ìlú New York náà ti ń to bẹ́ǹṣì sójú títì láti 2011, wọ́n sì ń ro ti àwọn àgbà mọ́ ọn. Àwọn baba ńlá wa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n gbin odán sọ́jà, wọ́n gbìn ín síwájú ààfin, kí ẹni tó ti rẹ̀ lè rí ibi fẹ̀yìn tì. Àwa la gé odán, tí a kọ́ ìsọ̀ sí ojú rẹ̀.

Tí àgbà bá ti jókòó, ẹ gbé ọjà wá bá wọn bí àwọn aláṣọ ṣe ń ṣe. Ìrẹsì oríṣi mẹ́ta, ẹ bu díẹ̀díẹ̀ sínú àwo, ẹ gbé e wá kí wọ́n fọwọ́ bù ú wò. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó lè yan ohun tó wù wọ́n.

Ojú àti pẹpẹ

Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé inú ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta èyí tó ń dé ti ẹni ogún ọdún lọ. Ìyẹn ni pé ṣọ́ọ̀bù tó mọ́lẹ̀ lójú ọmọ yín tó ń bá yín tajà lè ṣókùnkùn lójú ìyá rẹ̀. Ẹ fi gílóòbù funfun tó tàn dáadáa síbi àtẹ̀gùn, síbi ìsanwó àti sókè pẹpẹ, àmọ́ kó má máa tàn sí ènìyàn lójú gbọnrangandan.

Iye owó ọjà, ẹ kọ ọ́ sára káàdì funfun pẹ̀lú máákà dúdú, kí nọ́ńbà ga tó íǹṣì kan. Ẹ má fi yẹ́lò kọ ọ́ sára funfun, ẹ má fi pupa kọ ọ́ sára búlúù. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ń fún ilé ìtajà ní àmì láti 2010 pé ó rọrùn fún tọmọdé-tàgbà, bí nọ́ńbà owó ṣe ṣeé kà sì wà nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Mo so dígí amúǹkan-tóbi kan mọ́ kántà mi pẹ̀lú okùn, fún ẹni tó bá fẹ́ wo déètì ara agolo. Ó yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń lò ó tó.

Kíkọ iye owó kò ní kẹ́ ẹ wá pa ọjà nínà run o. Fún ọ̀pọ̀ ìyá, ọjà tí wọn ò ná kò dùn ún rà. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ lè gé fún wọn, ẹ má sì gbàgbé èènì. Súìtì kékeré kan tàbí ẹyọ magí méjì tí ẹ fi sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó, wọ́n á ròyìn rẹ̀ délé.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ àgbà tí làkúrègbé ti mú léjìká kò tó pẹpẹ náà mọ́, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ mú ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ wo ohun tí àwọn àgbà ń rà jù, kí ẹ tò ó sí àárín ìbàdí àti èjìká. Lọ́dọ̀ mi, ọ́ọ̀tì ni, mílíìkì tí kò ní ṣúgà, bisikíìtì rírọ̀, ọṣẹ dúdú àti òrí. Mo fi obì àti orógbó kún un, láti ìgbà náà ni àwọn bàbá àdúgbò ti ń yà.

Ẹ ta ìwọ̀nba. Àgbà tó ń dá gbé kò nílò àpò ìrẹsì, àbọ̀ kóńgò tó o. Ẹ ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀ nínú ọ̀rá, kí ẹ tò ó sórí pẹpẹ bíi ti àwọn tó kù, kó má dà bíi pé wọ́n ń tọrọ kí ẹ bá wọn gé nǹkan sí méjì.

Etí

Sípíkà tí ẹ gbé síta tó ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ pàápàá kì í gbọ́ ohun tó ń sọ. Etí àgbà kì í lè ya ohùn ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orin. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán láti ìgbà tí ẹ bá ṣí títí di ọ̀sán, torí òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń jáde kí oòrùn tó mú.

Ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ohùn tó rí tínrín ló máa ń kọ́kọ́ ṣá létí, irú ohùn "ṣ" àti "f". Tí ẹ bá wá lọgun, ìdààmú ló máa fi kún un. Ẹ kọjú sí wọn, kí wọ́n rí ẹnu yín, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Tí wọn ò bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà dípò tí ẹ ó fi tún un sọ bó ṣe wà. Ní ti iye owó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú kakulétọ̀, kí ẹ yí i sí wọn.

Owó

Ọ̀pọ̀ àgbà fi àwọ̀ mọ owó ni. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ yí àwọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1000 padà ní ìparí 2022, àwọn tó ti ń fi ojú dá owó mọ̀ tipẹ́ ní láti tún un kọ́. Ti àtijọ́ àti tuntun sì jọ ń ná títí dòní. Nítorí náà, tí ẹ bá ń fún wọn ní ṣéńjì, ẹ máa pè é bí ẹ ṣe ń kà á sí wọn lọ́wọ́: "Ẹgbẹ̀rún kan rèé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rèé, igba rèé." Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un kà, kí wọ́n sì dì í sínú ìdí aṣọ wọn kí ẹ tó yíjú sí ẹlòmíràn.

Tí wọ́n bá fẹ́ fi káàdì sanwó, ẹ gbé POS náà wá sọ́dọ̀ wọn lórí àga. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta, ẹ má sì bá wọn tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní rìsíìtì, kí ẹ ka iye tó wà níbẹ̀ sí wọn létí.

Ọ̀nà kan wà tó ti ràn mí lọ́wọ́ gidigidi. Àwọn ọmọ tó wà ní London, ní Houston, máa ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù fún òbí wọn. Mo ní ìwé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye tó wọlé, iye tí wọ́n rà, iye tó kù, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá tàbí bàbá á sì fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka. Òfin kan ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ náà: ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù ló máa yan ohun tó fẹ́. Ọmọ kan ní kí n má ta bisikíìtì fún bàbá òun. Mo ní kó pe bàbá, kí àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́.

Ẹ má kán wọn lójú. Ní 2019, ilé ìtajà Jumbo ní orílẹ̀-èdè Netherlands ya ibi ìsanwó kan sọ́tọ̀ ní ìlú Vlijmen fún ẹni tí kò kánjú, tó fẹ́ bá akọ̀wé owó tàkúrọ̀sọ díẹ̀. Àwọn àgbà tó ń dá gbé ni wọ́n ní lọ́kàn, ó sì dùn mọ́ àwọn ènìyàn débi pé wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ọmọ tó wà ní kántà yín lè má mọ̀ pé òun nìkan ni ìyá yẹn máa bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ sọ fún un.

Ìkíni

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, ilé ni a ti kọ́ ọ. Kí àwọn ọmọ tó ń bá yín tajà kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, kí wọ́n lo "ẹ". Ohun kan tó ń bí àwọn àgbà nínú tí wọn kì í sọ ni pé kí wọ́n mú ọmọ tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀ wá, kí ọlọ́jà wá kọjú sí ọmọ náà pé, "Kí ni wọ́n fẹ́?" Àwọn ló ni owó. Àwọn ni kí ẹ bi.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó máa ń mú ènìyàn tọ̀ léraléra. Oníbàárà mi kan jẹ́wọ́ fún mi pé àwọn kì í lò ó lọ́jọ́ tí àwọn bá máa jáde lọ sọ́jà, nítorí pé kò síbi tí àwọn lè yà sí. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, àyà mi já. Ènìyàn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí pé ọjà kò ní tọ́ìlẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ bá ní tọ́ìlẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí i fún àwọn àgbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ síta gàdàgbà kó má di pé wọ́n ń tọrọ. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń jókòó lé, torí àgbà tó lòṣòó lè má lè dìde. Ẹ fi irin ìdìmú kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kí omi àti ọṣẹ wà, kí ìkọ́ wà tí wọ́n lè fi àpò kọ́. Ẹ lo kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣí láti ìta bí ẹnìkan bá ṣubú sínú rẹ̀. Tí ẹ kò bá ní, kí ìsọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tó wà lórí ìlà kan dá owó jọ, kí wọ́n ṣe ẹyọ kan, kí wọ́n sì gba ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́. Owó ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ́ tó dára, tó ti di ibi ìkẹ́rùsí láàárín oṣù mẹ́ta.

Ẹrù délé

Ẹ mú alábàárù méjì tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ dá iye owó wọn dé ibùdókọ̀ sí ojú kan. Àgbà tó bá ti mọ̀ pé wọn ò ní yan òun jẹ yóò rà ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbé lọ. Ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan tó ń fara balẹ̀ wakọ̀, kó máa wá gbé wọn lẹ́nu ọ̀nà yín gan-an. Fún àwọn tó súnmọ́ tòsí, ọmọ ṣọ́ọ̀bù lè gbé ẹrù tẹ̀lé wọn. Kó rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn, kó má sáré ṣíwájú.

Ọjà lápapọ̀

Ṣọ́ọ̀bù kan kò lè dá a ṣe. Nígbà tí bàbá yẹn ti dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìwé tí mo kọ ọ́ sí ni mo gbé tọ ìyálọ́jà lọ. Mi ò sọ̀rọ̀ òfin, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kan kà á síta: ibí ni wọ́n ti dúró, ohun tó fà á nìyí. Ìyálọ́jà fúnra wọn kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ yẹn gan-an ni èmi náà ti máa ń dúró."

Ohun tí ẹ lè bẹ̀ ìyálọ́jà, babalọ́jà àti ìjọba ìbílẹ̀ fún kò pọ̀. Kí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ́ ọjà kọjá, kí ẹni méjì lè rìn pọ̀ láàárín. Kí wọ́n gbin igi padà, kí wọ́n kan bẹ́ǹṣì yí ìdí rẹ̀ ká, kí ó má jìnnà síra ju bí ẹsẹ̀ àgbà ṣe lè gbé wọn lọ. Kí ọkọ̀ lè já àgbà sílẹ̀ nítòsí ẹnu ọjà. Ní ti afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó ga lókè títì, orúnkún tó ń dùn kò lè gùn ún. Kí wọ́n wá ẹnìkan tí yóò máa dá ọkọ̀ dúró lásìkò òwúrọ̀ kí wọ́n lè kọjá nílẹ̀.

Kí ẹ sì dá ọjọ́ kan. Ní àdúgbò Sugamo ní Tokyo, òpópónà kan wà tí àwọn ìyá àgbà fẹ́ràn jù, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀tẹ́lẹ̀ pupa dé orí oúnjẹ dídùn. Ọjọ́ 4, 14 àti 24 oṣù ni ọjọ́ àkànṣe wọn níbẹ̀, nítorí ojúbọ kan tí wọ́n ń lọ bẹ fún ìlera. Gbogbo àgbà ló mọ ọjọ́ náà lórí, bí àwọn ìyá wa ṣe mọ ọjọ́ ọjà ọrọọrún. Lọ́dọ̀ wa, a mú òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Ariwo a rọlẹ̀, wọn ò ní tò sórí ìlà, a sì ń mú nọ́ọ̀sì kan wá tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lábẹ́ ìbòòji. Wọ́n á wá nítorí nọ́ọ̀sì, wọ́n á pàdé ọ̀rẹ́ tí wọn ò rí tipẹ́, wọ́n á sì ra ẹ̀fọ́ délé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àga ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á jókòó lé e, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá bá a, tàbí kí ọjà tuntun dé kí wọ́n gbé e lé e lórí. Alẹ́ Sátidé ni mo ń wo tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá páálí ọṣẹ mẹ́rin lórí àga ẹnu ọ̀nà. Mo gbé wọn sílẹ̀, mo nu àga náà, mo bu omi sínú kúlà ní ìmúrasílẹ̀ fún òwúrọ̀ Mọ́ńdè.